Ẹ̀jẹ̀ Tó Jinná Sára Aṣọ

Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù ni ọlọ́pàá fìrìgbọ̀n kan ti fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan yọ. Ìka méjì ló fi dì í mú, bí ẹni tó fa òkú eku jáde lábẹ́ àga. Omi ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀. Láàárín aṣọ funfun náà ni àbàwọ́n kan jókòó sí. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tó sùn sínú ife, etí rẹ̀ sì le bí èèpo búrẹ́dì.

Bàbá Funfun wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yáa wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló bà á lẹ́rù o. Ọkùnrin tó ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, kí ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́ fi ṣe é? Àwọ̀ àbàwọ́n yẹn ni. Èèyàn mẹ́rin ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìfọṣọ yìí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ba aṣọ jẹ́ báyìí, ọmọ rẹ̀ sì ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Ta ló ń fọṣọ níbí?" ni ọlọ́pàá náà bèèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni." Inú rẹ̀ dùn, bí ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n bá Màmá Ọ̀gá, ìyá àgbàlagbà tó ni ilé ìfọṣọ náà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń já aṣọ. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ó ti kú. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń lọ aṣọ, ló bá a níbẹ̀, ó sì rò pé ó yọ̀ ṣubú ni. Gbogbo wọn ló rò bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Jẹ́jẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn náà, ó fimú gbóòórùn rẹ̀, ó rí ipa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti nù kúrò níbẹ̀, ó ní:

"Màmá yọ̀ ṣubú, wọ́n fọ́ orí, wọ́n wá dìde nu ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó padà lọ dùbúlẹ̀? Ó dáa. Ẹ bá mi tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ilé yìí."

Òun náà ló gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá báyìí, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ rà á.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ti... ti aláìsàn ni, mà. Ilé ìwòsàn ló ń kó aṣọ wá fún wa. Ojoojúmọ́ là ń rí ẹ̀jẹ̀."

Ó yí etí aṣọ náà wò, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti igun dé igun. "Aṣọ ilé ìwòsàn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, òwú búlúù wà létí gbogbo wọn. Ti èyí dà?"

Ọpọlọ Bàbá Funfun ń sáré kiri bí adìyẹ tí wọ́n tì mọ́lé. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Aṣọ Màmá fúnra wọn ni. Èmi ni mo lọ̀ ọ́ lánàá, mo gbé e kọ́ irin àtẹ̀gùn kí wọ́n lè mú un lọ sílé. Ẹ má wò mí báyẹn, Bàbá Funfun. Ṣé ẹ fẹ́ kí n parọ́ fún ọlọ́pàá ni? Ojo ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀."

*

Inú yàrá kékeré tí Màmá Ọ̀gá fi ṣe ọ́fíìsì ni Jẹ́jẹ́ ti ń pè wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gé e kúrò lára yàrá ìfọṣọ. Bàbá Funfun jókòó sórí páálí ọṣẹ lẹ́yìn pákó náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ sí i létí.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ wọlé.

"Àtẹ̀gùn yẹn ń rùn sípíríìtì," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo sì rí ìgò sípíríìtì lórí pẹpẹ yín. Ó ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì."

"Ó wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Bírò ni mo fi ń yọ lápò ẹ̀wù àwọn dókítà. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe mímu. Ọtí gidi ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti da májèlé sí i, tí wọ́n pa á láró, kí àwọn ọ̀mùtí má baà fi ẹnu kàn án. Ẹni tó dín in kù lánàá, èmi kọ́."

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Màmá fa ọ̀rọ̀."

"Mo jó ẹ̀wù ìyàwó kan lápá. Wọ́n bú mi. Wọ́n bú ìyá mi. Wọ́n bú áyọ́ọ̀nù pàápàá, áyọ́ọ̀nù tí kò lẹ́nu. Ojoojúmọ́ sì ni. Tó bá jẹ́ pé èébú ló ń mú mi pààyàn ni, à bá ti ti ilé yìí pa tipẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọ," ni ọlọ́pàá wí. "Ó ti fẹ́ jẹ́wọ́."

"Jẹ́wọ́ kí ni? Ọ̀gbẹ́ni, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá fẹ́ pààyàn, ṣé àtẹ̀gùn ni màá máa wá lọ?"

Àga dún, bí ẹni pé Jẹ́jẹ́ yí jókòó. "Tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí lẹ máa fi nù ún?"

"Omi tútù. Kí tún ni?"

"Sípíríìtì ńkọ́?"

"Sẹ́jẹ̀?" Ó ṣe hìn-ín. "Kó lè dì mọ́bẹ̀ kó má lọ mọ́? Rárá o. Ẹni tó bá dé ilé yìí, kó tó mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà ni Màmá ti máa sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ rí iná, kò gbọdọ̀ rí fínígà, kò gbọdọ̀ rí sípíríìtì. Ẹ ò rí ọpọ́n símẹ́ńtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Omi tútù nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó bá dé ilé yìí?"

"Gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan aṣọ."

Lẹ́yìn pákó, Bàbá Funfun di etí páálí ọṣẹ mú. Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò mọ ohun tó ṣe. Ó rò pé ara òun lòun ń gbà.

Ìgbà náà ni wọ́n pe Táyà, ọmọ Bàbá Funfun.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀, nítorí táyà àlòkù ló máa ń yí káàkiri àdúgbò. Ìyá rẹ̀ kú, ó kù òun àti bàbá rẹ̀. Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀ tán, tí àwọn ìka rẹ̀ ń là nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, ó sì búra pé ọmọ òun kò ní fọṣọ láéláé. Àní áńkáṣíìfù tirẹ̀, kò jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Òun ló bẹ Màmá Ọ̀gá kó fún un ní ọkọ̀ wà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un ni.

"Mo já aṣọ ìkẹyìn, mo tilẹ̀kùn ọkọ̀, mo lọ sílé," ni Táyà ń wí nínú ọ́fíìsì.

"Ta lo fi sílẹ̀ níbí?"

"Bàámi. Àwọn ló máa ń kẹ́yìn."

Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá Funfun lánàá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní, "Bàámi, ẹ máa lọ sinmi, màá ti ilé." Inú bàbá náà sì dùn títí dé ilé pé ọmọ òun láàánú.

"Ìwọ àti Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ nítorí ọtí."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu lásán."

"Wo aṣọ yìí fún mi."

"Èmi, ọkọ̀ ni mo mọ̀, mà. Ẹ bi bàámi. Àwọn ló ń fọ ẹ̀jẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gba ara pákó kọjá, ó wọlé sí Bàbá Funfun létí, ó lọ jókòó sí i nínú. Ó gbé e mì. Ó burú ju omi ọṣẹ lọ lẹ́nu.

*

Nígbà tí wọ́n pe òun náà wọlé, Jẹ́jẹ́ kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ní kí wọ́n lọ ra ẹyin wá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àlùbọ́sà sí i," ni ọlọ́pàá wí.

Ẹyin dé. Jẹ́jẹ́ fọ́ wọn, ó yọ pupa sọ́tọ̀, ó da funfun rẹ̀ sínú ife gíláàsì mẹ́ta. Ó ń yọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀, èèyàn lè rí ìka lódìkejì rẹ̀. Ó bu omi tó ń hó láti inú ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi aṣọ, ó dà á sí ife kìíní. Ó da fínígà kíkan tí wọ́n fi ń di àwọ̀ aṣọ aláràbarà mú sí ìkejì. Ó da sípíríìtì aláró sí ìkẹta.

Ti omi gbígbóná funfun lójú ẹsẹ̀. Ti sípíríìtì náà funfun, ó so pọ̀ bí òwú tó ta kókó. Ti fínígà lọ́ra, ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Ẹ wò ó," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ohun tó wà nínú funfun ẹyin, ẹbí rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Pùrótéènì ni wọ́n ń pè é. Ká sọ pé òwú ni, tó tín-ín-rín débi pé ojú kò lè rí i, tí wọ́n wá ká a jọ. Olúkúlùkù ní bí wọ́n ṣe ká a, bí wọ́n sì ṣe ká a yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì ká báyẹn, omi tútù á gbé e lọ. Ooru ló máa tú u, tàbí ohun kíkan, tàbí sípíríìtì. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, iṣẹ́ ibi kan náà ni. Tó bá ti tú, á lọ́ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á lọ́ mọ́ òwú aṣọ. Tí ẹ bá sì wò ó, kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Òun náà ló wà níbẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ló sọ nù, kò sì lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́."

Ó da omi tútù sí ife kìíní, ó rò ó, ó rò ó. Funfun náà kàn ń yí po nínú omi bí àkísà.

"Kò ní padà," ni Bàbá Funfun wí. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Kò ní padà, Bàbá."

Ó tẹjú mọ́ ife náà. Láti ọjọ́ tó ti ń fọṣọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ kan wọlé lánàá, ó ní kí bàbá òun lọ sinmi. Òun náà ló jókòó sí àgbàlá báyìí. Imú rẹ̀, ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀.

"Ta wá ni, ọ̀gá?" ni ọlọ́pàá bèèrè.

"Ẹnì kan da sípíríìtì sí ẹ̀jẹ̀ orí àtẹ̀gùn. Ó dì. Ẹnì kan náà gbé aṣọ tó fi nù ún lọ sínú omi gbígbóná. Ó jinná. Ẹni tó rò pé ohun tó bá ti ń ta nímú, tó sì ń jóni lọ́wọ́, òun ló ń mú nǹkan mọ́."

"Àbí fọṣọfọṣọ yìí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí a lè rò pé òun kọ́?"

"Nígbà tó lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, kó sì sá a? À bá má rí aṣọ kankan láti máa jiyàn lé lórí."

Ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé, sí àgbàlá níbi tí Táyà wà. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Funfun, tó ti ń ṣọ́ ojú yẹn láti àárọ̀, rí ibi tó lọ.

"Èmi ni," ló wí.

Àwọn méjèèjì yíjú.

"Èmi ni mo ti Màmá. Wọ́n... wọ́n ní ọwọ́ mi ti di arúgbó, inú bí mi. Ẹ̀rù wá bà mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ṣi omi mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọlọ́pàá ti ń wá bírò. Jẹ́jẹ́ wo ọkùnrin náà pẹ́, ojú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ wá fi hàn mí bí ẹ ṣe fọ̀ ọ́."

*

Ọ̀dọ̀ alápatà ni ọlọ́pàá ti gba ẹ̀jẹ̀ wá nínú ike. Jẹ́jẹ́ da díẹ̀ sí aṣọ funfun kan, ó nà án sí Bàbá Funfun níwájú ẹ̀rọ omi méjì tó wà lára ògiri. Omi tútù ni ti òsì. Ọ̀tún ń gba omi láti inú ìkòkò irin, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀ kó má baà bó ẹni tó bá ṣèèṣì ṣí i.

Bàbá Funfun kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé pàkúté ni. Ó sọ fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pé kó lọ sí ibi pupa, ọwọ́ náà sì lọ. Ó ṣí i. Oru bo ojú rẹ̀. Ó ki aṣọ náà bọ omi, ó fún un, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó ń jó o, ó fara dà á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti bọ́ sí i, pé ọmọ òun ti bọ́.

"Ó tó, Bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ wo ọwọ́ òsì yín."

Ó wò ó. Gbogbo aṣọ náà ló ti rin gbindin nínú omi gbígbóná, àyàfi ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gbá ibẹ̀ mú, tó gbé e sókè kúrò lójú oru, bí ẹni gbé ìkókó kúrò lẹ́bàá iná. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì pupa, ó ṣì ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba aṣọ náà, ó ti ẹ̀rọ omi. "Ẹ pe ọmọ wọn wá."

Táyà wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá rẹ ti jẹ́wọ́," ni Jẹ́jẹ́ sọ fún un.

Bàbá Funfun ń wo ọmọ rẹ̀. Ó ń retí gbólóhùn kan. Kò fẹ́ kó sọ ọ́ o, nítorí á ba ohun gbogbo jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń retí rẹ̀: "Rárá, àwọn kọ́." Táyà kò sọ ọ́. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ.

"Omi ti bó wọn lọ́wọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ yẹn kúrò, ká lè máa lọ."

"Kò burú, mà." Ara rẹ̀ ti yá. Ó gba aṣọ náà, ó kọjá níwájú ẹ̀rọ òsì, ó ṣí ti ọ̀tún gbàgà, ó ti ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà sábẹ́ rẹ̀.

"Tútù," ni Bàbá Funfun wí.

Kò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

"Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, ọmọ mi."

Táyà yíjú. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ojú Jẹ́jẹ́, ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pupa náà ti ń di àwọ̀ tíì. Ó ti rí àwọ̀ yẹn lánàá. Aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò kọ́ mi rí," ló wí.

"Mi ò kọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dà bí tèmi."

Jẹ́jẹ́ nawọ́, ó ti ẹ̀rọ náà. "Kí ni Màmá sọ fún ọ lórí àtẹ̀gùn?"

"Wọ́n ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ ọ̀la, kí n lọ bá bàámi nídìí ọpọ́n. Wọ́n ní ibẹ̀ ló yẹ mí. Mo tì wọ́n. Mi ò tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí o ń wá sípíríìtì kiri, ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

Táyà wo ilẹ̀. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, tó ti ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, bo ẹnu rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀.

Wọ́n mú ọmọ náà jáde. Ó gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Jẹ́jẹ́ mú àwọn ife ẹyin rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Aṣọ náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ Táyà. Bàbá Funfun mú un. Ó gbé e lọ sínú ọpọ́n símẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ó ṣí omi tútù sí i, ó fi ọṣẹ pa á, ó ń fọwọ́ gbo ó díẹ̀díẹ̀, láti etí àbàwọ́n wọnú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé kò ní lọ. Ó tún fi ọṣẹ pa á.